Ẹ Má Tíì Nu Awò Yẹn: Bí A Ṣe Ń Wá Ẹni Tó Ni Awò Ojú Àtijọ́ Kí A Tó Gbé E Fún Mùsíọ́mù

Ọdún 31 rèé tí mo ti ń ta awò ojú, tí mo sì ń tún un ṣe ní Ìlọrin, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ènìyàn ti ń gbé awò àwọn òbí wọn àgbà wá bá mi. Wọ́n á ní kí n bá àwọn fọ̀ ọ́, kí n bá àwọn dán an, kí n fi súkúrúù tuntun sí i, torí pé àwọn fẹ́ fi ta mùsíọ́mù lọ́rẹ. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e padà sínú ohun tí wọ́n fi wé e, kí wọ́n jókòó, kí a jọ sọ̀rọ̀ ná. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síhìn-ín.

Awò tó kọ́ mi lọ́gbọ́n kì í ṣe ti oníbàárà. Ti ilé wa ni, ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Inú àpótí pákó bàbá wa àgbà, Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, ni a ti rí i nígbà tí a ń kó ẹrù kúrò kí àwọn káfíńtà lè tún òrùlé yàrá náà kàn. Irin tín-ín-rín ni férémù rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì rí roboto, apá rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja kí ó lè gbá etí mú. Níbi tí apá ọ̀tún ti so mọ́ férémù, ẹnì kan ti fi òwú wé e, ó wé e yípo yípo títí ó fi nípọn bí orí ìṣáná. Gbogbo ilé ló fohùn ṣọ̀kan pé ti Alfa ni. Fọ́tò rẹ̀ ń bẹ lára ògiri pálọ̀, ó wọ awò náà níbẹ̀ gedegbe. Kí la tún ń wá?

Mo gbé e wá sí Ìlọrin. Mo bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́ funfun, mo da ọṣẹ díẹ̀ sí i, mo sì ti apá òsì bọ̀ ọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré rà á lẹ́ẹ̀mejì péré, omi inú abọ́ yí padà. Mo kọ́kọ́ rò pé ìpẹtà ni, ṣùgbọ́n ìpẹtà irin a máa pọ́n bí erùpẹ̀ ilé wa ni. Èyí ṣú, ó ń dán búlúù bí ẹyẹ ẹtù tí òòrùn kọlù. Mo yọ ọwọ́ kúrò. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé tí ìkòkò aró wà kò ní ṣi àwọ̀ yẹn mọ̀ láé.

Alfa kò fọwọ́ kan aró rí láyé rẹ̀. Ìyá wa àgbà ló ń hun kíjìpá.

Ohun tó wà lára apá òsì bá omi lọ. Kò sí bí mo ṣe lè dá a padà, ó sì ń dùn mí títí di òní. Apá ọ̀tún tí òwú wà, àti irin tó gun imú, ni mo rí gbà sílẹ̀, torí pé mi ò tíì kàn wọ́n. Nítorí náà, bí ẹ bá rí awò àgbà yín nínú àpótí lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ lè jẹ́ ìwé kan ṣoṣo tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀. Òógùn imú a máa sọ irin tó ní bàbà nínú di àwọ̀ ewé. Tàdáwà a máa wọ ìka akọ̀wé, ìka rẹ̀ á sì gbé e lọ sí ara apá awò. Èéfín àtùpà a máa rọ̀ mọ́ àárín férémù àti dígí. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ọṣẹ ń kó lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ó gbẹ dáadáa, ẹ má fi ìpara sí i. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò dára jù. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tí a ṣẹ́ po sórí tábìlì, kí ó má baà fọ́ bí ó bá bọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e, ní etí férémù, kì í ṣe ní apá. Bí apá bá le, tí kò fẹ́ ṣí tàbí kò fẹ́ pa dé, ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Ẹ má tú súkúrúù kankan. Ẹ má lo ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ má lo ọṣẹ ìdán-irin, ẹ má lo sípíríìtì, torí sípíríìtì a máa ba ike àtijọ́ jẹ́. Bí nǹkan bá já nínú rẹ̀, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ kó ẹyọ tó já náà sínú ìwé funfun, kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá rọra tàn tí òòrùn kò tíì ta. Ẹ fi fóònù ya iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, òkè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya àpò rẹ̀ náà bí ó bá ní, kódà bí ó bá jẹ́ àkísà lásán ni wọ́n fi wé e. Ẹ má ju àkísà yẹn nù. Àkísà tó wé tiwa, kíjìpá ni, èmi kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ẹ wá wo inú apá àti ẹ̀yìn irin imú pẹ̀lú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe é máa ń tẹ àmì sí. Bí ẹ bá rí “1/10 12K GF”, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wúrà ni wọ́n fi bo irin mìíràn lára, wúrà náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀, kárátì 12 sì ni. Ó yàtọ̀ sí wúrà gidi pátápátá, ẹ má jẹ́ kí ẹbí yín jà nítorí rẹ̀. “AO” jẹ́ àmì American Optical, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ti wà láti ọ̀rúndún 19. Bí ẹ bá rí kìnnìún kékeré tó ń rìn, fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Tiwa kò ní àmì kankan, èyí náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀: awò tí wọ́n ń tà lórí àtẹ, fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó rẹ̀ lọ́wọ́, kì í sábà ní orúkọ.

Ẹ má fi apá awò nìkan ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ní Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1286, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe awò ojú, ṣùgbọ́n àwọn ará ìgbà náà ń fi ọwọ́ dì í mú ni tàbí kí wọ́n fi há imú. Ó di nǹkan bí 1730 kí apá tó ń lọ sí etí tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ awò ní Lọ́ńdọ̀nù. Apá tó tẹ̀ bí ìwọ̀, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń nàró lẹ́nu iṣẹ́ ló wúlò fún jù, nítorí kì í yọ̀ bọ́. Ìyẹn náà yẹ kí ó ti ta mí lólobó. Alfa ń jókòó ni.

Bí bàbá tàbí ìyá yín bá kàwé ní ìlú ọba láàárín 1948 sí ọdún 1960 sókè, ẹ béèrè bóyá ibẹ̀ ni ó ti gba awò náà. Láti 1948 ni ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún ènìyàn ní awò, ọ̀fẹ́ sì ni títí di 1951 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó díẹ̀ lé e.

Ike àtijọ́ nílò ìṣọ́ra. Férémù tó rí bí ìkarahun ìjàpá òkun, aláwọ̀ oyin tó ní àbàlá dúdú, lè jẹ́ ìkarahun gan-an, ó sì lè jẹ́ celluloid, irú ike àtijọ́ kan. Celluloid a máa rùn díẹ̀ bí kánfọ̀ bí ó bá móoru. Iná a máa tètè gbá a mú. Bí ó bá sì ti ń gbó, a máa tú èéfín kíkan jáde tó ń jẹ irin tó bá wà nítòsí. Bí ẹ bá rí i tó ń là wẹ́wẹ́, tó ń yọ omi bí ẹni tó ń làágùn, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn awò yòókù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dé e mọ́ inú ike, ẹ sì sọ fún àwọn mùsíọ́mù kí ẹ tó gbé e lọ.

Ó wá kan ojú awò fúnra rẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, kò sì nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹ na ọwọ́ tí ẹ fi di awò mú síwájú, ẹ gba inú rẹ̀ wo etí fèrèsé. Ẹ rọra sún awò sí apá òsì. Bí etí fèrèsé bá ń sá lọ sí apá ọ̀tún, tó sì rí ńlá, awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ni. Òun ni àwọn àgbà ń lò láti rí nǹkan ìtòsí, láti nǹkan bí ẹni 40 ọdún lọ sókè. Bí etí fèrèsé bá ń tẹ̀ lé ọwọ́ yín, tó sì rí kékeré, ti ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán ni. Bí ẹ bá rí ìlà kan tó dá ojú awò sí méjì láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, òkè ń wo ọ̀ọ́kán, ìsàlẹ̀ ń wo ìwé. Irú rẹ̀ ni Benjamin Franklin sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní 1784.

Ẹ lè mọ nọ́ńbà rẹ̀ náà, ìyẹn bí agbára dígí rẹ̀ ti tó, bí ó bá jẹ́ èyí tí ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹ dúró nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, ní ọ̀kánkán fèrèsé tó kọjú sí igi tàbí ilé tó jìnnà. Ẹ di ìwé funfun mú lẹ́yìn awò, kí ẹ máa sún un síwá sẹ́yìn títí àwòrán igi náà yóò fi hàn kedere lórí ìwé, ní ìdoríkodò. Ẹ wọn àárín awò sí ìwé. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, nọ́ńbà rẹ̀ ni 2.00. Sẹ̀ǹtímítà 40 ni 2.50. Sẹ̀ǹtímítà 33 ni 3.00. Ẹ má ṣe é lójú òòrùn, nítorí iná. Tiwa gbé igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù mi sórí ìwé ní sẹ̀ǹtímítà 40. Nọ́ńbà ẹni tó ti tó 50 ọdún ó lé, tó ń wo ohun tí kò jìnnà sí i ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Alfa lè lò ó. Ahunṣọ náà lè lò ó. Dígí nìkan kò dájọ́.

Bí ẹ bá rí èyí tó nípọn bí ìdí ìgò, tí àwòrán rẹ̀ hàn lórí ìwé láàárín sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 péré, ẹ fara balẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ni ín ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Nígbà tí dókítà bá yọ dígí àdámọ́ inú ojú tó ti funfun, àìsàn tí a ń pè ní kataráàtì, awò nípọnnípọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kọkànlá 1949, ni Harold Ridley kọ́kọ́ fi dígí àtọwọ́dá sínú ojú ènìyàn, ó sì pẹ́ kí èyí tó tàn kálẹ̀. Bí irú awò bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ bi àwọn àgbà pé, ta ló rìnrìn-àjò nítorí ojú nínú ẹbí? Iléèwòsàn ojú tí àwọn míṣọ́nárì SIM (Sudan Interior Mission) dá sílẹ̀ ní Kánò ti wà láti 1943, ọkọ̀ ojú irin sì ń gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá lọ síbẹ̀. Ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣòro láti rántí nínú ilé, nítorí ẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́ lọ ló dá rìn bọ̀.

Bí ẹ bá ti kọ gbogbo èyí sílẹ̀ tán ni kí ẹ tó lọ bá àwọn àgbà. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, èmi náà ṣìnà níbẹ̀. Mo ti gbé awò náà ka iwájú ènìyàn mẹ́rin nínú ẹbí, mo sì ti bi wọ́n pé, “Ṣé ti Alfa nìyí?” Kí ni wọn ì bá sọ? Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe pé wọ́n parọ́. Èmi ni mo ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè.

Nígbà tí mo máa lọ sí Ọ̀fà, lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi, àbíkẹ́yìn ìyá wa àgbà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 80, mo fi awò sínú báàgì, n kò yọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, a sọ̀rọ̀ ilé, a sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Lẹ́yìn tí a jẹun tán ni mo tó sọ pé, “Màámi, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ta ló máa ń wọ awò nínú ilé?”

Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní, “Ìyá mi ni. Ta tún ni? Bàbá kò lo awò. Orí ni gbogbo kéwú rẹ̀ wà.”

Mo ní, “Ẹ̀yin, ṣebí ó wọ̀ ọ́ nínú fọ́tò?”

Ó ní, “Ó yá a ni. Ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ fún un kí ó tó jáde, pé kí ó lè rí bí Alfa.”

Lẹ́yìn náà ló wá sọ bí wọ́n ṣe rà á. Òun kékeré ló ru kíjìpá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá sí ọjà Ọ̀fà. Ní ẹ̀bá ibùdó rélùwéè, alátẹ kan tẹ́ awò sórí ẹní, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà lójú òun ọmọdé. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ àti fọ́nrán òwú kan. Ó gbé awò kìíní wọ̀, ó gbìyànjú láti ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò wọ̀ ọ́. Ó gbé ìkejì wọ̀. Ó gbé ìkẹta. Alátẹ ń kùn. Ní ìkarùn-ún, òwú wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ná an mọ́ rárá, ó ka owó sílẹ̀ fún un, kò sì bọ́ awò náà títí wọ́n fi dé Àjàṣẹ́. “Gbogbo ọ̀nà ló ń wo ọwọ́ rẹ̀,” ni àbúrò màmá mi wí. “Ó ní òun ò mọ̀ pé aró ti wọ èékánná òun tó báyìí.”

Ìgbà náà ni mo tó yọ awò jáde. Ó gbà á, kò wo ojú rẹ̀, òwú ni ó fi àtàǹpàkò wá kàn. Ó ní ọdún tí súkúrúù já ni ìyá òun wé e, pé òwú tí ó fi ń parí etí aṣọ ni.

Mo sọ ìtàn yìí gùn nítorí ọ̀nà ìbéèrè wà nínú rẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ fi ohun náà hàn. Ẹ béèrè ta, níbo, báwo. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má kó wọn jọ, torí bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ nínú àpéjọ, àwọn àbúrò á gbè é ni. Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má sì béèrè ọdún lọ́wọ́ ẹni tí kò fi ọdún kà. Ẹ béèrè bóyá pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi rà á tàbí náírà, torí oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, ìyẹn 1967. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ ṣì ń rin apá òsì, torí oṣù kẹrin 1972 ni a yí sí apá ọ̀tún. Ti àbúrò màmá mi, ṣílè ni, òmìnira 1960 kò tíì dé, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì relé ọkọ. Mo kọ ọ́ pé, “ṣáájú 1960.” Mi ò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí fọ́tò: ẹni tó wọ awò nínú fọ́tò kọ́ ló ni ín dandan. Láyé àtijọ́, àwọn onífọ́tò mìíràn ní awò, aago àti rédíò ní ilé iṣẹ́ wọn tí wọ́n fi ń ṣe oníbàárà lọ́ṣọ̀ọ́. Bí mo ṣe padà délé, mo fi fóònù ya fọ́tò Alfa láti ìtòsí, mo sì fẹ̀ ẹ́ lójú. Òwú wà níbẹ̀, ní apá ọ̀tún, kóńkó bí orí ìṣáná. Nígbà tí Alfa fi wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, ahunṣọ ti wé e tán. Ọdún mélòó ni gbogbo wa fi ń kọjá lábẹ́ fọ́tò yẹn? Ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n lè tẹ fọ́tò àtijọ́ mìíràn ní òdì, kí apá ọ̀tún di òsì. Bí kíkọ bá wà níbì kan nínú rẹ̀, lórí pátákó tàbí ìwé, ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Títí ẹ óò fi gbé e lọ, ẹ wé e sínú aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀ tí a kò fi sítáàṣì sí, kí ẹ fi sínú páálí, ní yàrá tí kò gbóná jù, kí ó má sí lábẹ́ páànù. Ẹ má fi nọ́lọ́ọ̀nù dì í, ooru á pa omi mọ́ ọn lára, irin á sì pẹtà. Ẹ má fi rọ́bà so ó. Ẹ má fi kánfọ̀ tí ń lé kòkòrò tì í. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ mọ́ ọn, ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré, kí ẹ fi òwú so ó mọ́ férémù ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má lẹ ohunkóhun mọ́ ara rẹ̀.

Ṣáájú kí ẹ tó kọ̀wé sí mùsíọ́mù, ẹ pe ẹbí jọ. Ohun tí òkú fi sílẹ̀, ti gbogbo ọmọ ni, kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ rí i nínú àpótí. Àwa jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan bínú pé mo gba awò lọ́wọ́ Alfa. Mo gbé fọ́tò tí mo fẹ̀ lójú fún wọn, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn àbúrò màmá mi. Mọ́gàjí wa ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé.

Ibi tí ẹ óò gbé e lọ kò jìnnà. Mùsíọ́mù Ẹ̀ṣìẹ́ nìyẹn, òun ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n ṣí i. Ìlọrin náà ní mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀. Abẹ́ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, ni àwọn méjèèjì wà. Ẹni tó bá dé Ẹ̀ṣìẹ́ á rí ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin, obìnrin, onílù, ológun, àwọn tí Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, ròyìn fún ìjọba ní 1933. Mo ti dúró níwájú wọn lọ́pọ̀ ìgbà. A ń rí ìlà ojú wọn àti irun tí wọ́n dì, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ wọn. Nígbà tí mo ń kọ orúkọ ìyá wa àgbà sórí ìwé, àwọn ère yẹn ló wà lọ́kàn mi.

Ẹ má gbé awò lọ bá ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ lẹ́tà sí olórí mùsíọ́mù, kí ẹ fi fọ́tò àti ìtàn sí i, kí ẹ béèrè bóyá irú rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń kó jọ. Wọ́n lè ní rárá. Ẹ má bínú, ẹ gbìyànjú ibòmíràn, àwọn yunifásítì mìíràn náà ń kó ohun àtijọ́ jọ. Bí wọ́n bá gbà, ẹ sọ ọ́ kedere nínú ìwé bóyá ẹ fi tọrẹ pátápátá ni tàbí ẹ yá wọn. Ẹ̀bùn kì í padà wálé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ipò tó wà sílẹ̀ lójú yín kí wọ́n tó gbà á: dígí òsì ti ha díẹ̀ nísàlẹ̀, apá òsì ti mọ́, òwú wà ní apá ọ̀tún. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fún un nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Nọ́ńbà yẹn ni ọmọ ọmọ yín yóò fi béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Mo kọ ìtàn tiwa sójú ìwé kan ṣoṣo. Orúkọ ìyá àgbà àti oríkì rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. N kò ní kọ wọ́n síhìn-ín, ẹbí ni wọ́n jẹ́ ti. Ìyókù rẹ̀ nìyí, bóyá ẹ ó rí ohun mú níbẹ̀:

“Ahunṣọ kíjìpá ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó fúnra rẹ̀ ra awò yìí ní ọjà Ọ̀fà ṣáájú 1960, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú dán an wò. Nọ́ńbà 2.50. Òun ló wé òwú tó wà ní apá ọ̀tún nígbà tí súkúrúù já. Àbàwọ́n búlúù ara irin imú àti apá ọ̀tún, aró ọwọ́ rẹ̀ ni. Ti apá òsì ti lọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ láìmọ̀. Ọkọ rẹ̀ yá awò náà fi ya fọ́tò kan, ẹ̀dà fọ́tò náà wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹni tó sọ ìtàn náà ni ọmọbìnrin rẹ̀ àbíkẹ́yìn, tó wà níbẹ̀ nígbà tí ó rà á. Ẹbí bẹ̀bẹ̀ kí a má tú òwú náà.”

Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́rin. Mùsíọ́mù gba ọ̀kan pẹ̀lú awò àti àkísà kíjìpá tó wé e. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Mọ́gàjí, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìkẹrin ni mo gbé lọ sí Ọ̀fà. Àbúrò màmá mi ní kí n kà á sókè fún òun. Nígbà tí mo dé ibi tí súkúrúù ti já, ó dá mi dúró, ó ní kì í ṣe pé ó já, ó sọnù ni, pé àwọn ọmọdé méjì wá a nínú iyanrìn títí ilẹ̀ fi ṣú, òun sì wà níbẹ̀. Mo mú bírò, mo tún un kọ nínú tirẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí mùsíọ́mù kí wọ́n tún un kọ nínú tiwọn náà.